Sàréè Iwájú Àwọ̀n

Ojú ibi tí aṣọ́lé máa ń dúró sí lórí pápá bọ́ọ̀lù gan-an ni wọ́n gbẹ́ sàréè náà sí. Mo ní sàréè, n ò ní kòtò. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣe. Ó gùn tó àgbàlagbà, etí rẹ̀ gún régé, wọ́n ti da erùpẹ̀ padà sínú rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dọ́gba. Kùrukùru àárọ̀ ṣì bo gbogbo pápá débi pé a ò rí ilé àwọ̀n tó wà ní ìsọdá. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, síbẹ̀ àwọ̀n tó wà lẹ́yìn sàréè náà ń mì díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá mi ní alángbá ni. Èmi ò rí alángbá kankan.

Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wọ̀ wá síbẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ Mosúnmọ́lá Adékọ̀yà ló pè mí pé kí n yà kúrò lọ́nà ìsìn, kí n máa bọ̀ ní pápá. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni obìnrin yìí, ohun tí kò sì mọ̀ láyé yìí kò ju bọ́ọ̀lù lọ. Bí o bá bi í léèrè ohun tó ń jẹ́ ọ́fúsáìdì, á ní kí o lọ bi ẹni tó dá a sílẹ̀. Èmi Sájẹ́ǹtì Walter Odùbánjọ ní tèmi, láti kékeré ni mo ti ń ṣe Erédò, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìjẹ̀bú-Òde, àìsàn tí kò gbóògùn sì ni. Lọ́dún yìí, ìdí tábìlì la wà. Alága ẹgbẹ́, Olóyè Frederick Ọ̀nàfowókàn, ti ta Olúwaṣèyítán tó ń gbá góòlù wọlé fún wa, kò sì wá ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó kù ń rìn lórí pápá bí ẹni tó ń lọ kí àna. Bí a bá pàdánù ti ọ̀sán ọjọ́ yẹn, a já kúrò ní líìgì nìyẹn.

Abdulrauf tó ń tọ́jú pápá ló kọ́kọ́ rí i. Ó dúró sí ọ̀nà jínjìn, kò fẹ́ sún mọ́ ọn.

"Ṣé wọ́n já ilẹ̀kùn ni?" ọ̀gá mi bi í.

"Rárá, mà. Àgádágodo wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo kàn ṣílẹ̀kùn ni, òórùn kan pàdé mi. Òórùn ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde."

Èmi náà ti ń gbọ́ ọ. Káńfọ̀ tí wọ́n máa ń fi sára òkú ni.

A gbẹ́ ẹ. Kò pẹ́ tí ṣọ́bìrì kan nǹkan tó rọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kó erùpẹ̀. Aṣọ funfun ló yọ, nǹkan tó ní orí, tó ní èjìká, sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo gbé apá orí rẹ̀, ó wúwo bí ènìyàn. Mo ka Sáàmù tí mo mọ̀, mo sì ka èyí tí n ò mọ̀.

"Dúró ná," ọ̀gá mi wí. "Má tíì yí i padà. Wo bí ó ṣe sùn."

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló fi lélẹ̀, ojú rẹ̀ sì kọ ibi tí oòrùn ti fẹ́ yọ. Ọ̀já tí wọ́n fi so aṣọ níbi orí ti tú, wọ́n rọra tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá mi mú un, ó wo etí rẹ̀ tí wọ́n fi òwú dúdú rán, ó sì kó o sápò. Ó wá ní kí n máa tú aṣọ náà. Mo tú ọ̀kan, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Mo tú ìyẹn náà, ó tún kù. Márùn-ún ni gbogbo wọn, kékeré kan sì wà nínú wọn tí wọ́n wé mọ́ orí nìkan.

Òkú kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Jẹ́sì aṣọ́lé wa ni, aláwọ̀ ìyeyè, nọ́ńbà kìíní, orúkọ Abdulbasit wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n rán ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀ pa, wọ́n sì rọ erùpẹ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Ara mi ò balẹ̀ rárá, nítorí pé láti ọjọ́ Jimọ̀ ni ẹnikẹ́ni ò ti rí Abdulbasit. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Kóòṣì wá fẹjọ́ sùn lọ́jọ́ Sátidé, èmi gan-an ni wọ́n sì rán lọ tú ilé tí Abdulbasit àti ìyá rẹ̀ ń gbé. N ò rí nǹkan kan.

"Mo ti mọ ohun tí márùn-ún yìí jẹ́, mà," mo ní. "Góòlù márùn-ún ni wọ́n gbá wọlé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Góòlù kan, aṣọ kan. Àsàsí ni. Àwọn alátìlẹyìn ló ṣe é."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Mosúnmọ́lá wí. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn tí kò bá gbà.

Àmọ́ gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ló máa bá mi gbà á. Lẹ́yìn góòlù márùn-ún yẹn, àwọn alátìlẹyìn fi páálí kan pósí, wọ́n kọ orúkọ Abdulbasit sí i, wọ́n gbé e káàkiri ìlú, wọ́n ń kọ orin òkú. Iwájú ilé ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbé e dúró sí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, olórí wọn, Alhaji Gbàdàmọ́sí, lọ sórí rédíò, ó ní iwájú àwọ̀n ni wọn ó sin ọmọ náà sí. A ti rí sàréè wàyí. Ọmọ ló kù tí a ò rí.

*

Kùrukùru ti ń ká nígbà tí Olóyè Frederick dé. Aṣọ àlà ló wọ̀, kò sì fẹ́ kí erùpẹ̀ kan án.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé a ṣì lè gbá bọ́ọ̀lù lónìí?"

"Olóyè, ọmọ yín kan ni a ń wá."

"Mo gbọ́, ó dùn mí gan-an. Ta ló wá máa ṣọ́lé fún wa báyìí?"

Ọ̀gá mi nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà fún ẹnu ọ̀nà pápá?"

"Mẹ́ta. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Abdulrauf, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Mo fún ọmọ náà ní ìkẹta, torí ó máa ń wá dá sáré níbí tó bá ti kírun àsùbáà tán."

"Ẹ jẹ́ kí n rí tiyín."

Ó wá a pẹ́ nínú ọkọ̀ kó tó rí i. Kọ́kọ́rọ́ náà ti dípẹtà. Mosúnmọ́lá gbìyànjú láti fi ṣí àgádágodo, kò tilẹ̀ wọlé. Ó dá a padà fún un, ó dúpẹ́.

"Bí wọ́n bá fagi lé bọ́ọ̀lù òní, Olóyè, ṣé Erédò máa já?"

"Wọ́n á sún un síwájú ni. Ìyẹn gan-an á dára fún wa." Ó rí i pé ẹnu òun ti yá jù. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ o."

Nígbà tó lọ tán, mo sún mọ́ ọ̀gá mi. "Mà, ẹ jẹ́ ká mú un. Òun ló máa jèrè rẹ̀ bí wọn ò bá gbá bọ́ọ̀lù náà."

"Ṣé nítorí sàréè ni, àbí nítorí Olúwaṣèyítán?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi.

"Ọkùnrin yẹn ò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí pápá yìí láti ọjọ́ pípẹ́," ó ní. "Títa Olúwaṣèyítán ni ẹ̀ṣẹ̀ tí o fẹ́ torí rẹ̀ mú un, Walter. Kò sí nínú ìwé òfin."

*

Wọ́n ti mú Alhaji Gbàdàmọ́sí wá sí àgọ́ ọlọ́pàá ká tó débẹ̀. Èèyàn ńlá ni, oníkùn ńlá, ó ń ta símẹ́ńtì àti páànù. Ohùn rẹ̀ ló máa ń dá orin lórí pápá. Bó bá gbé e, gbogbo wa á gbè é. Kò tíì pẹ́ tí ìyá rẹ̀ kú, irùngbọ̀n ọ̀fọ̀ ṣì wà ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Alhaji, ẹ wí i lórí rédíò àbí ẹ ò wí i?"

"Mo wí i."

"Kí lẹ wí?"

"Pé iwájú àwọ̀n tó ń ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé la ó sin ín sí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, Ìnsípẹ́kítọ̀. Ẹnu lásán ni. Inú ló ń bí wa. A pariwo mọ́ alága, ó gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè. A pariwo mọ́ kóòṣì, ó ní kì í ṣe òun ló ta ènìyàn. Àwọn tó wà níwájú ń sá kiri, ohùn wa ò bá wọn. Ọmọ yẹn nìkan ló máa ń dúró sójú kan, tó sún mọ́ wa."

"Nítorí ó sún mọ́ yín lẹ ṣe kan pósí fún un?"

"Páálí firíìjì ni."

"Ẹ gbé e lọ síwájú ilé ìyá rẹ̀."

"Àwọn ọmọ ló ní ká débẹ̀."

"Ta ló wà níwájú?"

Ó wolẹ̀. "Èmi ni mo wà níwájú."

Ọ̀gá mi mú ọ̀já funfun yẹn jáde nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Gbàdàmọ́sí wo òwú dúdú tó wà ní etí rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó na ọwọ́, kò fọwọ́ kàn án.

"Níbo lẹ ti rí èyí?"

"Nínú sàréè kan níwájú àwọ̀n."

N ò rí i rí kí àwọ̀ ènìyàn yí padà báyẹn. Ó jókòó, bẹ́ẹ̀ ó ti jókòó tẹ́lẹ̀. Ó kàn wọlẹ̀ sínú àga ni. Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ.

"Èmi ni mo ṣe é. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo pa á, èmi ni mo sin ín. Ẹ má da ẹnikẹ́ni mìíràn láàmú."

Mo ti mú bírò. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí, a ó sì tún ráyè dé pápá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

"Aṣọ mélòó lẹ fi wé e, Alhaji?" ọ̀gá mi bi í.

"Mẹ́ta. Ṣebí ọkùnrin ni."

"Báwo lẹ ṣe wọlé?"

"Mo fo ògiri."

Ògiri pápá yẹn ga ju èmi lọ. Mo wo ògiri náà lọ́kàn mi, mo wo ikùn Alhaji, mo sì da ìdérí bírò mi padà.

*

Inú ọkọ̀ la wà, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà níwájú àgọ́, nígbà tí ọ̀gá mi sọ ọ́ fún mi.

"Ọkùnrin yẹn ń parọ́," ó ní. "Jẹ́sì ló wà nínú sàréè, òun ní òun pa ènìyàn. Aṣọ márùn-ún la bá, òun ní mẹ́ta. Kò débẹ̀ rí. Ọ̀já yẹn nìkan ló dá mọ̀."

"Ta ló wá ṣe àsàsí náà?"

"Kò sí àsàsí níbẹ̀, Walter. Mùsùlùmí ni wọ́n bí ìyá mi, ìwọ náà mọ̀. Nígbà tí ìyá tó bí i kú, wọ́n ní kí n wọlé wá wò ó, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún òkú lélẹ̀, kó dojú kọ gábàsì. Tí wọ́n bá ti gbé e sí sàréè, wọ́n á tú ọ̀já orí rẹ̀, kí ara lè dẹ̀ ẹ́. Ẹni tó kórìíra rẹ, tó fẹ́ kí o kú, ṣé á dúró tú ọ̀já fún ọ?"

"Rárá, mà."

"Ẹni tó ṣe èyí, ó ṣe é pẹ̀lú àánú. Ìyẹn kan. Èkejì ni aṣọ. Aṣọ mẹ́ta ni wọ́n fi ń wé ọkùnrin nílùú yìí. Obìnrin ni wọ́n ń wé ní márùn-ún, torí wọ́n á fi ọ̀kan bo àyà rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀kan ṣe ìborí fún un. O tú ìborí lórí jẹ́sì aṣọ́lé láàárọ̀ yìí. O ní góòlù ni."

Ojú tì mí díẹ̀.

"Ọkùnrin ló ń wẹ òkú ọkùnrin, obìnrin ló ń wẹ òkú obìnrin. Ẹni tó wé jẹ́sì yẹn kò wé ọkùnrin rí láyé rẹ̀. Bóyá ó ń sunkún. Orí rẹ̀ mọ̀ pé mẹ́ta ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe èyí tó mọ̀." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ ló ń sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè ìyá rẹ̀, Alhaji á ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú irú ọ̀já olówùú dúdú yìí lórí ìyá tirẹ̀. Ta ló wẹ obìnrin náà?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nílùú. "Ìyá Basit ni. Àsíátù. Ìyá aṣọ́lé."

"Alhaji rí ọ̀já yẹn, ó rò pé ọmọ ti kú, pé ìyá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ín. Ó sì gbà pé orin tí òun dá ló pa á. Ìyẹn ló ṣe ní òun ni." Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dání. "Walter, nígbà tí o tú ilé yẹn lánàá, ṣé o wọ gbogbo yàrá?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

"O jókòó tì mí nínú ọkọ̀ yìí nígbà tí o dé. Àkàrà nìkan lò ń rùn. Ilé obìnrin tó ń wẹ òkú, yàrá kan á wà níbẹ̀ tí káńfọ̀ á ti kún dé òrùlé."

Mo ní kí ilẹ̀ lanu. "Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mà. Ó ní ibẹ̀ ni òun ń kó ẹrù àwọn òkú sí. Mo ní ó ti tó bẹ́ẹ̀."

Kò bá mi wí. Ó kàn tan ọkọ̀.

*

Pòrógun, àdúgbò wọn, dákẹ́ nígbà tí a débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán Sọ́ńdè ni. Àsíátù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Obìnrin kékeré ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ọwọ́ dókítà lọ. Ó kí wa, ó ní ká jókòó, ó bu omi fún wa. Ìgbà náà ni mo tó rí ohun tó yẹ kí n ti rí láti àná: ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù, ọlọ́pàá wọlé, kò bi wá pé ṣé a ti rí i.

"Ìyá, ẹ kú ìjókòó," ọ̀gá mi wí. Ó kúnlẹ̀ kó tó jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ mélòó ni wọ́n fi ń wé ọkùnrin?"

"Mẹ́ta ni, ọmọ mi."

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú abọ́ ẹ̀gúsí. Ó wo ọ̀gá mi tìtì.

"Mélòó ni mo lò?"

"Márùn-ún, mà. Ìborí wà níbẹ̀."

"Sùbùhánàllàhí." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé tẹlòmíràn ni. "Ọwọ́ mi ni."

Ó dìde láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé kó dìde. Ó mú wa lọ síbi ilẹ̀kùn tí mo sá fún. Òórùn náà kọ́kọ́ jáde sí wa. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Garawa wà níbẹ̀, aṣọ funfun tí wọ́n ká jọ wà níbẹ̀, pákó tí wọ́n ń tẹ́ òkú lé fẹ̀yìn ti ògiri. Mo ń wo pákó náà nígbà tí nǹkan kan mí lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní ọ̀gá mi ò dúró sí ẹnu ọ̀nà, n bá ti dé Odogbolu.

Abdulbasit ni. Ó jókòó lórí ẹní, eékún rẹ̀ kan àgbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti lé roro nítorí ilẹ̀ tó gbẹ́. Ó ti rù. Kò kí wa.

"Ṣé wọ́n ti dákẹ́?" ó bi wá.

Mo tẹ́tí sílẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Àdúgbò pa rọ́rọ́.

"Tí mo bá ti dùbúlẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ wọn," ó ní. "Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ orin òkú yẹn láti ìkòríta, wọ́n á máa bọ̀. Wọ́n á dúró síwájú fèrèsé."

Ìyá rẹ̀ kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ti ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì gbọ̀n.

"Ní ọjọ́ Jimọ̀, mo jí, mo bá a lẹ́bàá kànga. Ó ti ṣí i. Ó ní òun kàn ń wo omi ni. Ta ló ń jí wo omi? Mo fà á wọlé, mo fi í síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní wá a dé. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá kọ orin òkú lé ààyè lórí, ikú á yà wá wo ẹni tí wọ́n ń pè. Bó bá dé, má jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Ibi tí wọ́n ní wọn ó sin ín sí lórí rédíò, ibẹ̀ náà la fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọ̀ láàárọ̀ yìí kí ìlú tó jí. Ó gbẹ́ ẹ, mo wé jẹ́sì rẹ̀ dípò rẹ̀. Ìmáàmù ò gbọdọ̀ gbọ́ o. Mo mọ̀ pé kò sí nínú ẹ̀sìn. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí."

Ọ̀gá mi tí mi ò rí omijé rẹ̀ rí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ìyá, Alhaji Gbàdàmọ́sí wà ní àtìmọ́lé. Ó rí ọ̀já yín. Ó ní òun ló pa Basit."

"Èmi ni mo wẹ ìyá rẹ̀," ni Àsíátù wí. "Obìnrin náà ò wúwo rárá. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí mo fi wé e tán, bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí ọmọ rẹ̀ gbé pósí wá síwájú ilé mi." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nídìí ìró. "Ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹnu ló fi gbẹ́ ilẹ̀ yẹn ṣáájú wa. Kó wá fi ọwọ́ dí i. Kí àwọn tó gbè é lórin máa wò ó."

Abdulbasit ti dìde. Orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. "Mo fẹ́ lọ."

"Lọ síbo?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Pápá. Màámi, bí n ò bá padà síbẹ̀ lónìí, inú ilẹ̀ yẹn ni mo wà. Mo kàn ń rìn kiri ni."

*

Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wa dé pápá. Èrò kún ibi ìjókòó, ṣùgbọ́n kò sí fèrè, kò sí ìlù, kò sí ẹni tó ń ta ẹ̀pà tó ń polówó. Gbogbo ojú wà lára ihò tó wà níwájú àwọ̀n. Gbàdàmọ́sí tí a ti tú sílẹ̀ rìn dé ibẹ̀ nínú jálábíà funfun. Abdulrauf na ṣọ́bìrì sí i. Àsíátù mi orí, Abdulrauf sì gba ṣọ́bìrì rẹ̀ padà.

Ọkùnrin ńlá náà kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì kó erùpẹ̀. Ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́. A ń gbọ́ bí erùpẹ̀ ṣe ń bọ́ sínú ihò náà, pápá náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ọmọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti ibi ìjókòó, ó kúnlẹ̀ tì í. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ọ̀gá mi wò mí. Mo bọ́ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo gbé e fún un, èmi náà sì lọ kúnlẹ̀.

Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà. Olóyè Frederick jókòó sórí àga tìmùtìmù rẹ̀, kò sẹ́ni tó bú u, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó wò ó. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kọrin. Ìró ẹsẹ̀ lára bọ́ọ̀lù nìkan là ń gbọ́, àti ohùn Abdulbasit tó ń pe àwọn tó wà níwájú rẹ̀. Ó mú èyí tó yẹ kó mú, ó mú èyí tí kò yẹ kí ènìyàn lè mú. Àwọn tiwa níwájú ṣì ń rìn lọ kí àna.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ni wọ́n gbá ọ̀kan sí igun ìsàlẹ̀. Ó fò sí i, ìka rẹ̀ kàn án, ó sì wọlé. A já nìyẹn.

Abdulbasit ò dìde. Orí ilẹ̀ rírọ̀ yẹn gan-an ló ṣubú sí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi lélẹ̀, ojú rẹ̀ sì kọ gábàsì. Kò mira. Mosúnmọ́lá di apá mi mú, ìka rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ní ìsàlẹ̀, ìyá rẹ̀ ti dìde dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Gbogbo pápá ń wò ó.

Gbàdàmọ́sí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn tó máa ń dá orin fún wa náà ni, ṣùgbọ́n kò kọrin.

"Basit. Dìde, ọmọ mi."

Kò sí nǹkan kan. Ó tún un sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, a gbè é, gbogbo wa, kò ju bí ẹni ń jí ọmọ tó ń sùn lọ. "Dìde."

Ó gbé orí. Ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀, ó wo ibi tí a wà, ó tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá orin kan tí kò gbọ́ mọ́. Ó wá dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára, ó mú bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n, ó sì gbá a padà sí àárín pápá.